Kókó Tí Kì Í Dunni

Nínú ìwé yìí, ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ni a máa ń bá yín sọ, àti bí a ti ń sá èso kí ó lè gbẹ dáadáa, àti bí a ti ń lé kòkòrò kúrò nínú àpò. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí yàtọ̀ díẹ̀. Kókó ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Kì í ṣe kòkó tí a ń sá sórí ẹní. Kókó tí ń yọ sí ara ọmọ ènìyàn ni. Ìdí tí a fi gbé e wá síwájú yín ni pé àwọn tí ń gbé ẹ̀bá odò àti àbàtà, tí wọ́n sì ń dáko níbẹ̀, ni ó ń bá jà jù. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tí a fi ń wá oúnjẹ ni ó sì máa ń bà jẹ́.

OHUN TÍ MO RÍ NÍ GONFREVILLE

Gonfreville wà ní ìlú Bouaké, ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Orúkọ Robert Gonfreville, ará ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n fi ń pè é. Òun ni ó dá ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ sílẹ̀ níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1921, ilé-iṣẹ́ náà sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ran òwú, tí ó sì fi ẹ̀rọ hun aṣọ, ní ilẹ̀ tí àwọn Faransé ń ṣàkóso nígbà náà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn ọmọ Yorùbá kì í ṣe àjèjì ní orílẹ̀-èdè yìí. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Èjìgbò àti àwọn ìlú agbègbè rẹ̀ ti ń wá ṣòwò níbẹ̀, tí wọ́n ń bímọ síbẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ́lé.

Ọ̀kan nínú wọn ni bàbá arúgbó kan tí ń ra kajú. Ní ọjọ́ tí mo dé ilé ìkẹ́rù rẹ̀, òṣùwọ̀n ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Bí mo ti parí, ó ní kí n jókòó, ó sì pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá, ọmọkùnrin tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ.

"Akọ̀wé," ni bàbá wí, "ẹ bá mi wo apá ọmọ yìí."

Kókó kan wà lókè ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó tó ẹyọ èso kajú kan. Mo fi ọwọ́ kàn án; ó le, nígbà tí mo sì tì í, òun àti awọ ara ni ó jọ ń lọ.

Mo bi í pé, "Bàbá, ṣé ó ń dùn ún?"

"Kò dùn ún rárá. Ó ń jẹun, ó ń ṣeré, ara rẹ̀ kò gbóná. A ti fi ewé lé e. Ohun tí kò dun ọmọ, kí ni ó kàn án pẹ̀lú ilé ìwòsàn?"

"Ó ti tó ìgbà wo?"

"Ó di oṣù kan ààbọ̀."

"Níbo ni ó ti ń bá yín ṣiṣẹ́?"

"Àkùrọ̀ ìrẹsì ìyá rẹ̀ ni, lẹ́bàá odò. Òun ni ó ń bá a lé ẹyẹ."

Ọ̀kan nínú àwọn alágbàṣe tí ń ru àpò dúró tì wá nígbà tí a ń sọ̀rọ̀. Apá rẹ̀ òsì ti ká kò. Àpá ńlá kan gba ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ já, kò sì lè nà án mọ́. Apá ọ̀tún nìkan ni ó fi ń gbé àpò sí èjìká. Ó wo ọmọ náà títí, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé, "Bàbá, bí tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Èmi náà kò mọ ìrora kankan."

Gbogbo wa dákẹ́. Ìbéèrè bàbá yẹn ni mo fẹ́ dáhùn nínú ìwé yìí: kí ni ohun tí kò dunni kàn pẹ̀lú ilé ìwòsàn?

ORÚKỌ ÀRÙN NÁÀ ÀTI ÌTÀN RẸ̀

Egbò Buruli ni àwọn oníṣègùn ń pe àrùn yìí. Ní ọdún 1897, Albert Cook, oníṣègùn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Ùgáńdà, kọ àkọsílẹ̀ nípa àwọn egbò kan tí a gbà lónìí pé òun ni. Ní ọdún 1948, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, Peter MacCallum àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé kòkòrò àìrí tí ń fà á. Orúkọ kòkòrò náà ni Mycobacterium ulcerans. Àgbègbè Buruli ní Ùgáńdà, níbi tí ó ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àwọn ọdún 1960, ni orúkọ àrùn náà ti wá. Ìbátan kòkòrò ikọ́ ife àti kòkòrò ẹ̀tẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ràn láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn bí ikọ́ ife ti ń ràn.

Ibi tí omi bá dúró sí, tàbí ibi tí odò ti ń rọra ṣàn, ni a ti máa ń bá a pàdé. Ní Ìbàdàn, wọ́n dí odò kékeré kan nínú ọgbà Yunifásítì ní ọdún 1965 láti fi ṣe adágún. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n rí àrùn náà lára àwọn tí ń gbé inú ọgbà náà. Ní Côte d'Ivoire, ọdún 1978 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, lára ọmọ kan tí ń gbé nítòsí adágún Kossou, èyí tí wọ́n fi odò Bandama ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ní agbègbè Daloa, àwọn oníwàádìí rí i pé iye àwọn tí àrùn náà ń mú lọ́dún di ìlọ́po mẹ́ta láàárín ọdún 1987 sí 1991.

Ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi pe ìpàdé ní Yamoussoukro ní ọdún 1998. Ìlú náà kò ju nǹkan bí 100 kìlómítà lọ sí Bouaké. Níbẹ̀ ni àwọn ìjọba ti bu ọwọ́ lu ìwé pé àwọn yóò gbógun ti egbò yìí. Ní ọdún 2004, ìpàdé gbogbo orílẹ̀-èdè lórí ìlera fi àṣẹ sí i pé kí a túbọ̀ ṣe ìwádìí lórí rẹ̀. Títí di ọdún 2010, nǹkan bí 5,000 ènìyàn ni wọ́n ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀ lọ́dọọdún ní gbogbo ayé; ní ọdún 2016, iye náà ti lọ sílẹ̀ sí 1,961. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ìdajì àwọn tí ó ń mú ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15.

BÍ ORÓ NÁÀ TI Ń ṢIṢẸ́

Ọ̀pọ̀ kòkòrò àìrí ni ó máa ń wọ ara, tí ara á gbóná, tí ibẹ̀ á pọ́n, tí yóò wú, tí yóò sì máa dunni. Ìrora àti ìgbóná náà kì í ṣe ọ̀tá. Ariwo tí ara ń pa ni, kí àwọn ọmọ-ogun inú ẹ̀jẹ̀ lè gbọ́, kí wọ́n sì sáré wá. Èwo ni ti kòkòrò tí ó wọ ara tí ara kò pariwo? Ohun tí ó rú àwọn oníṣègùn lójú fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyí.

Ní ọdún 1999 ni ìdáhùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ní Amẹ́ríkà, Kathleen George, Pamela Small àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yọ oró kan jáde láti inú kòkòrò náà, wọ́n sì sọ ọ́ ní mycolactone. Oró yìí yàtọ̀ sí oró ọ̀pọ̀ kòkòrò mìíràn. Ọlọ́ràá ni. Bí òróró ti ń la bébà kọjá, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń la ògiri ara kọjá láìkan ilẹ̀kùn. Kòkòrò náà lè dúró sí ojú kan kí oró rẹ̀ sì máa tàn káàkiri abẹ́ awọ. Ìdí nìyí tí egbò Buruli fi máa ń tóbi lábẹ́ ju bí a ti ń rí i lókè lọ, bí ihò tí òkété gbẹ́ sábẹ́ ebè.

Kí ni oró náà ń ṣe nígbà tí ó bá wọlé? Ẹ jẹ́ kí a padà sí Gonfreville, kí a wo ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ, nítorí pé ó jọ ara ènìyàn púpọ̀.

Ara wa kún fún àwọn ilé kéékèèké tí ojú kò lè rí. Sẹ́ẹ̀lì ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni iṣẹ́ ti ń lọ tọ̀sán tòru, bí ẹ̀rọ ìhunṣọ. Ohun tí wọ́n ń hun níbẹ̀ ni a ń pè ní purotéènì. Òun ni ẹran ara, òun ni iṣan, òun ni ìwé tí apá kan ara ń kọ sí apá kejì, òun sì ni ẹ̀ṣọ́ tí ń ṣọ́ ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Àwọn kan nínú purotéènì wọ̀nyí ni a ń lò nínú ilé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni a hun fún ìta: wọ́n ní láti jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì, tàbí kí wọ́n dúró sára ògiri rẹ̀.

Ní ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ, aṣọ tí ó bọ́ lára ẹ̀rọ kì í ti ibẹ̀ wọ ọkọ̀. Ó ní láti kọjá sí yàrá kejì, níbi tí wọ́n ti ń ká a, tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n ń lu òǹtẹ̀ sí i, tí wọ́n sì ń dì í. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni nínú sẹ́ẹ̀lì. Yàrá kejì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn ilẹ̀kùn tóóró tí a fi ń wọ inú rẹ̀ sì ní orúkọ: Sec61 ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Purotéènì tí ń lọ sí ìta a máa gba ibẹ̀ kọjá bí ó ti ń bọ́ lára ẹ̀rọ, gẹ́gẹ́ bí okùn òwú ti ń gba ojú abẹ́rẹ́ kọjá.

Àwọn ilẹ̀kùn wọ̀nyí gan-an ni oró mycolactone wá. Ó há sí ẹnu wọn bí ìgbà tí ènìyàn kan èèkàn sí ẹnu ọ̀nà. Kò ba ẹ̀rọ jẹ́. Kò jí òwú. Ẹ̀rọ ń hun aṣọ lọ, ṣùgbọ́n aṣọ náà kò rí ọ̀nà kọjá. Ó ń kóra jọ sí yàrá tí kò yẹ kí ó wà, àwọn agbálẹ̀ inú sẹ́ẹ̀lì á sì fà á ya, wọn á dà á nù. Iṣẹ́ ń lọ, òógùn ń jáde, ṣùgbọ́n ọjà kankan kò dé ọ̀dọ̀ oníbàárà.

Ní ọdún 2014 ni Rachel Simmonds àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Surrey, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé ibi ẹnu ọ̀nà yìí ni iṣẹ́ ti ń dúró. Ní ọdún 2016, Caroline Demangel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Institut Pasteur ní Paris fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Sec61 gan-an ni oró náà ń dì mú. Ẹ̀rí kan wà nínú iṣẹ́ wọn tí ẹnikẹ́ni lè yé: nígbà tí ìrísí ilẹ̀kùn náà yàtọ̀ díẹ̀, oró kò rí ibi há sí mọ́, sẹ́ẹ̀lì kò sì kú. Bí a bá pààrọ̀ àgádágodo tí kọ́kọ́rọ́ olè sì kọ̀ láti ṣí i, a ti mọ ilẹ̀kùn tí olè ń gbà wọlé.

ÌDÍ TÍ ARA KÒ FI PARIWO

Nísinsìnyí ẹ ó rí ìdí tí ọmọ bàbá oníkajú fi ń ṣeré pẹ̀lú kókó lápá.

Èkínní, ìwé tí sẹ́ẹ̀lì ń kọ láti fi ké sí àwọn ọmọ-ogun ara jẹ́ purotéènì tí ń lọ sí ìta. Bí ilẹ̀kùn bá ti há, ìwé kò jáde. Olè wà nínú ilé, onílé ń kígbe, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò kọjá ògiri. Nítorí náà ara kò gbóná, ojú ibẹ̀ kò sì pọ́n.

Èkejì, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó tẹ́ inú òpó ẹ̀jẹ̀ ní purotéènì kan lójú wọn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Òun náà kò lè dé ipò rẹ̀ mọ́. Ẹ̀jẹ̀ á dì nínú àwọn òpó kéékèèké, ibi tí kò bá sì rí ẹ̀jẹ̀ á kú, bí ebè tí omi kò dé.

Ẹ̀kẹta, ní ọdún 2014 kan náà, àwọn oníwàádìí ní ilẹ̀ Faransé fi hàn pé oró yìí a máa pa àwọn iṣan tí ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ lẹ́nu mọ́. Ẹran ara ń jẹrà, onítọ̀hún kò sì mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù, òun ni ó sì bani nínú jẹ́ jù. Sẹ́ẹ̀lì kò gọ̀. Nígbà tí ó bá rí i pé ọ̀nà ti dí, ìnira á dé bá a, á sì lu aago ìdágìrì. Á dín iye ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́ kù, á sì fẹ́ ránṣẹ́ pe àwọn olùrànlọ́wọ́ tí ń tún yàrá kejì ṣe. Bí wàhálà náà bá jẹ́ ti ọjọ́ kan, èyí ìbá gbà á là. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà tí ó ti há ni àwọn olùrànlọ́wọ́ wọ̀nyí ní láti gbà wọlé. Aago ń dún, ìrànlọ́wọ́ kò dé. Ní ọdún 2018, àwọn oníwàádìí ti Surrey fi hàn pé ìdágìrì tí kò dópin yìí ni ó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Kókó á rọ̀, awọ á bẹ́, egbò á sì yọjú. Ní ọjọ́ tí a rí egbò, ìparun ti ń lọ lábẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

Nítorí náà, Bàbá, ohun tí kò dunni kàn pẹ̀lú ilé ìwòsàn gidigidi. Àìdunni rẹ̀ gan-an ni àmì pé oró náà ń ṣiṣẹ́.

BÍ A TI Ń DÁ A MỌ̀

Ẹsẹ̀ ni ó máa ń mú jù, lẹ́yìn rẹ̀ ni apá. Kòkòrò náà fẹ́ràn ibi tí ó tutù ju inú ara lọ, ìyẹn ni ó ṣe ń jókòó sí awọ. Ó lè bẹ̀rẹ̀ bí kókó líle lábẹ́ awọ. Ó lè bẹ̀rẹ̀ bí ojú kan tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ tí ó sì le bí pákó. Ó lè jẹ́ pé apá tàbí ẹsẹ̀ kan ni yóò kàn wú, láìjẹ́ pé ènìyàn ṣubú tàbí pé nǹkan ta á. Bí ó bá ti di egbò, etí egbò náà á dá dúró, ihò á wà lábẹ́ rẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á sì funfun bí òwú tí omi rin.

Kì í ṣe gbogbo kókó ni ti Buruli. Àwọn tí ó wà ní ilé ìwòsàn ni yóò mú díẹ̀ lára rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ohun tí a ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má ṣe dúró de ìrora kí ẹ tó lọ.

ÌWÒSÀN WÀ

Kí ọdún 2004 tó dé, ọ̀bẹ ni ìwòsàn egbò Buruli. Wọ́n á gé ibi tí ó ti bàjẹ́, wọ́n á sì gé kọjá rẹ̀, wọ́n á wá fi awọ láti ibòmíràn lẹ̀ ẹ́. Àwọn mìíràn pàdánù apá tàbí ẹsẹ̀. Ní ọdún náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà pé kí a máa fi oògùn tí ń pa kòkòrò wò ó, fún ọ̀sẹ̀ 8.

Ilẹ̀ Yorùbá gan-an ni ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rí tí ó tóbi jù ti wá. Pobè wà ní orílẹ̀-èdè Benin, tí a ń pè ní Dahomey títí di ọdún 1975, nítòsí ààlà Nàìjíríà. Ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn kan wà fún egbò Buruli, tí àjọ Raoul Follereau dá sílẹ̀, àwọn aláìsàn láti ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà sì máa ń ré ààlà kọjá wá síbẹ̀. Ní ọdún 2007, Annick Chauty àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìròyìn wọn jáde: nínú aláìsàn 224 tí wọ́n fún ní rifampicin àti streptomycin, 215 ni ó rí ìwòsàn. Nínú àwọn 215 yìí, 102 kò fojú kan ọ̀bẹ rárá.

Abẹ́rẹ́ ni streptomycin. Ó ń dunni, ó sì lè ba etí jẹ́. Láti ọdún 2017 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi clarithromycin rọ́pò rẹ̀, tí ó jẹ́ pé oníṣe gbígbé mì ni oògùn méjèèjì báyìí. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Gánà àti ní Benin, tí ó jáde ní ọdún 2020, fi hàn pé kò rẹ̀yìn sí abẹ́rẹ́.

Ohun méjì ni kí ẹ rántí bí ẹnìkan nínú ilé bá ń lo oògùn yìí. Rifampicin a máa sọ ìtọ̀ di pupa bí omi osùn. Ẹ má bẹ̀rù, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ìkejì ṣe pàtàkì jù. Nígbà mìíràn, ní àárín ìwòsàn, egbò náà á tún wú sí i, tàbí kókó mìíràn á yọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń rò pé oògùn kò jẹ́, wọ́n á sì sá lọ sílé. Ẹ padà ro ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn. Nígbà tí oògùn bá pa kòkòrò, oró tuntun kò wá mọ́. Ilẹ̀kùn á ṣí, ìwé á jáde, àwọn ọmọ-ogun ara á sì gbọ́, wọ́n á rọ́ wá síbi tí wọn kò lè dé tẹ́lẹ̀. Ariwo ogun wọn ni wíwú náà lè jẹ́. Ẹ fi hàn nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ẹ má dá oògùn dúró. Ọjọ́ 56 ni kí ó pé.

A mọ̀ pé àwọn kan gbà pé wọ́n fi egbò yìí ránṣẹ́ sí ènìyàn ni. A kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbàdúrà, kí ó gbàdúrà. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ bá àgbà, kí ó lọ. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ kọjá ní ilé ìwòsàn, nítorí pé oró náà kì í dúró dè wá. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi omi gbígbóná tàbí irin gbígbóná jó kókó náà. Ẹ má sì ya aláìsàn sọ́tọ̀. Ẹ bá a jẹun, ẹ bá a sùn sí iyàrá kan.

BÍ A TI LÈ DÁÀBÒ BO ARA WA

Àwọn onímọ̀ ṣì ń wádìí ọ̀nà tí kòkòrò náà ń gbà wọ ara. Ní Ọsirélíà, ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2024 fi ẹ̀sùn kan ẹ̀fọn. Ní ilẹ̀ tiwa, wọ́n ti rí àmì kòkòrò náà lára àwọn kòkòrò inú omi. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kò ní láti dúró de òpin àríyànjiyàn. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní agbègbè Daloa, tí ó jáde ní ọdún 1995, fi hàn pé bí oko bá ti súnmọ́ odò ńlá tó ni ewu náà ń pọ̀ tó, àti pé àwọn tí ń wọ ṣòkòtò gígùn ṣiṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ní àrùn náà bí àwọn tí ń ṣí ojúgun sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ wọ ṣòkòtò gígùn àti ẹ̀wù alápá gígùn bí ẹ bá ń lọ sí àkùrọ̀, kí ẹ sì wọ̀ ọ́ fún àwọn ọmọ tí ń lé ẹyẹ pẹ̀lú. Bí nǹkan bá ha yín lára, ẹ fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ kíákíá, kí ẹ sì dì í. Ẹ sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ ìwẹ̀ ọmọ, ẹ fi ọwọ́ pa apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, nítorí pé ọmọ kò ní sọ ohun tí kò dùn ún.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin oníṣòwò ní pàtàkì. Gbogbo àgbẹ̀ agbègbè yín ni ẹ ń rí ní ọjọ́ òṣùwọ̀n. Nọ́ọ̀sì kò rí wọn tó bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ tí apá rẹ̀ bá ká kò kò ní lè mú èso tí ó tó tẹ́lẹ̀ wá mọ́. Bí ẹ bá rí kókó tàbí egbò lára ẹnìkan, ẹ sọ fún un, kí ẹ sì júwe ilé ìwòsàn fún un. Àwọn àgbà ní kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà.

ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀

Ní ọjọ́ kejì, bàbá oníkajú gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, òun náà ni. Ọmọ náà lo oògùn fún ọ̀sẹ̀ 8. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, apá náà wú, ìyá rẹ̀ sì fẹ́ dá oògùn dúró. Alágbàṣe tí apá rẹ̀ ká kò yẹn ni ó lọ bẹ̀ ẹ́ kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ sí Gonfreville, mo rí ọmọ náà níwájú ilé ìkẹ́rù. Àpá kékeré kan ni ó ṣẹ́kù lápá rẹ̀, kò ju èékánná lọ. Mo ní kí ó na apá sí mi, ó sì nà án gbọọrọ.

Bàbá kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ jókòó, ẹ mu omi." Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n, alágbàṣe náà ń gbé àpò. Bí àgbẹ̀ kan bá ti mú ọmọ wá, yóò sọ àpò kalẹ̀, yóò sì wo apá àti ẹsẹ̀ ọmọ náà kí ó tó tún gbé òmíràn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìwé yìí sétí ẹni tí kò lè kà á fúnra rẹ̀.